Ìwọ̀n Ẹni Tí Yóò Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀

Àìkú, 2 oṣù kẹta

Òjò rọ̀ lójijì, ó bá aṣọ lórí okùn. Akọ́bí dé lẹ́yìn ọ̀sán. Kò jókòó, kò mu omi, gáréèjì ló gbà lọ tààrà, ó ká ìbora kúrò lórí ọkọ̀ bàbá wọn. Mo gbé tíì tẹ̀lé e. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ imú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì yọwọ́. Ọkọ̀ fò sókè, ó wálẹ̀, ó tún fò, ó tún wálẹ̀, ó ń mi orí bí arúgbó tó ń sùn níbi ìwàásù.

"Mọ́mì, ẹ bá mi kà á. Ó yẹ kó fò lẹ́ẹ̀kan péré kó dákẹ́. Ẹ tún wo epo tó ń jò lára ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú."

Mo ní wọ́n ti kú tipẹ́, bàbá rẹ̀ ni kò gbà ká sin wọ́n kí òun náà tó lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ tí mo ti pa ọmọ yìí lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún eré òkè tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ń ṣe. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Kọ́nà mẹ́tàléláàádọ́rin, àfonífojì lápá kan. Ẹni méjì ni yóò wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á wà á, èkejì á máa ka ìwé ọ̀nà sí i létí. Kò dárúkọ ẹni tí yóò kà á fún òun. N kò béèrè. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo sì fi jókòó sórí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Èwo ni ìbéèrè níbẹ̀?

Ó rù. Eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. N kò mọ ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ nílé yẹn.

Ìṣẹ́gun, 4

Nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀, pè mí láti ilé ìwòsàn wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣì bàjẹ́, onílé ń fi òní dọ́la. Mo ní kó máa fi àga ti ilẹ̀kùn kó tó sùn. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Bí ẹni pé olè máa ń béèrè ọjọ́ orí.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tó fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ilé Tísà ni ẹ̀gbọ́n òun ń wà ní gbogbo Àbámẹ́ta. Tísà ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, ìdajì ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ní kòtò mẹkáníìkì lẹ́yìnkùlé, èyí tí èèyàn lè wọ̀ kó máa wo abẹ́ ọkọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Mo kàn béèrè ni."

"Ohùn tí ẹ fi ń kàn béèrè kọ́ nìyẹn. Mo mọ ìyẹn."

Gbogbo Àbámẹ́ta tó ń sọ fún mi pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun gbérí. Ẹ ẹ̀ rí ayé.

Àbámẹ́ta, 8

Ọjọ́rú ló yẹ kí n gbé kọ́tìnì pálọ̀ tí Tísà ní kí n rán lọ fún un. Mo fà á di òní.

Gèlè nìkan ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń rìn lójú ilẹ̀ bí ẹyẹ. Inú kòtò ni Tísà wà. Akọ́bí dojú bolẹ̀ létí kòtò, ó ń bá gèlè sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́.

Tísà jáde nínú ṣòkòtò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Obìnrin tó kún ni, tó bá jókòó, àga á mọ̀. "Ìyá ọkọ wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi, mi ò lè dì mọ́ yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gíríìsì.

Wọ́n tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì. Ṣọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kò ṣe é yí rárá, bí wọ́n bá ti ṣe é náà nìyẹn. Èkejì ní nọ́ọ̀bù kan bíi ti rédíò, èèyàn lè yí i kó le tàbí kó rọ̀. Ẹ̀kẹta ní nọ́ọ̀bù méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí táyà bá ń gòkè, èkejì fún ìgbà tó bá ń padà wálẹ̀. Akọ́bí ń fẹ́ ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tó rí bàálù.

Tísà ní, "Nọ́ọ̀bù mẹ́jọ lápapọ̀. Ta ló máa yí wọn? Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀kan yí, tó bá ní méjì, tí ọkọ̀ bá wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ní mọ èyí tó ṣì yí. Ọ̀kan tó. Bó bá ti ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, o kà á, o kọ ọ́ sílẹ̀, o dán an wò. Tó o bá ṣì í, o mọ ọ̀nà tó o máa gbà padà."

"Òótọ́ ni, Mọ́mì," Akọ́bí ní.

Mo yíjú. Mo rò pé èmi ló ń dá lóhùn. Èmi kọ́.

Mo wá ní nọ́ọ̀bù méjì ló dára jù lọ. Àwọn méjèèjì wò mí. "Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" ọmọ mi béèrè. Ta ló mọ̀? Mo ní méjì ju ọ̀kan lọ. Ojú ti ọmọ náà fún mi. Tísà kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ọkọ sọ òótọ́, méjì ju ọ̀kan lọ lóòótọ́." Kó fi mí rẹ́rìn-ín ì bá sàn.

Kọ́tìnì náà gún régé. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Ajé, 10

Oòrùn mú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, mo gba òpópónà méjì kọjá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣọ́ọ̀kù, ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀.

"Ìyá Oníkọ́tìnì, kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kù ṣe? Àbí kọ́tìnì yín ti ń fò?"

Mo ní ọmọ mi fẹ́ rà á, n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níwájú mi bí ẹni pé mo dití. Ó wò mí díẹ̀, ó fa àpótí kan jáde pé kí n jókòó. Ó gbé ògbólógbòó ṣọ́ọ̀kù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó yí nọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ ọ, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ó ní kí n tún tì í. Ó le débi pé mo dìde dúró kí n tó rí i tì. Lẹ́yìn náà ló wá nawọ́ sí wáyà ńlá tó lọ́ yíká tuntun kan tó wà lórí pẹpẹ.

"Èyí ni sípíríngì. Òun ló ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó di sípíríngì lápá mú, kó ní, ó tó, má fò mọ́. Tí sípíríngì bá rọ̀ ju ẹni tó jókòó lé e lọ, ẹ yí nọ́ọ̀bù títí ọwọ́ yín á fi bó, pàbó ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ìwọ̀n ara lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kí n tó so méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ kékeré bíi tiyín, ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó mọ̀ ọ́n."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi. Ọ̀rọ̀ tó yé mi ni. Iṣẹ́ ìwọ̀n ni èmi náà ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo pe Akọ́bí kí n lè fi ohun tí mo mọ̀ hàn án. Mo rọra mú un wọnú ọ̀rọ̀: "Ṣé o mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù? Sípíríngì ló ń gbé e."

"Ẹn-ẹ́n, Mọ́mì. Tísà ti ṣàlàyé ẹ̀."

Mo ní oorun ń kùn mí. Aago méje kò tíì lù.

Àbámẹ́ta, 15

Òjò àti ìjì. Akọ́bí yà bá mi ní ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójú ọ̀nà ilé Tísà. Wọ́n ti mú ṣọ́ọ̀kù tó ní nọ́ọ̀bù kan. Mẹ́rin rẹ̀ ju maṣíìnì mi méjèèjì lọ lówó, ó ti ń tọ́jú owó náà láti ọdún tó kọjá. Ó fún mi ní àpòòwé kan. "Mọ́mì, ẹ bá mi mú un fún Bàbá Ṣọ́ọ̀kù lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo wà ní ilé iṣẹ́ omi, ibi tiyín ló sún mọ́ ọn."

Inú mi dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì méjì níbẹ̀. Mo kà á.

Ìṣẹ́gun, 18

Àná ló yẹ kí n ti mú un lọ. N kò mú un lọ, nítorí mo ṣí i.

Fọ́ọ̀mù Bàbá Ṣọ́ọ̀kù ló wà nínú rẹ̀, pẹ́ńsù ni Akọ́bí fi kọ ọ́. Awakọ̀: kílò 78. Ẹni ẹ̀gbẹ́: kílò 86. Sípíríngì: èyí tó le.

Ìlà àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò, mo ní ọmọ yìí ò tilẹ̀ rù tó bí mo ṣe rò. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìkejì. Wọ́n wọ̀n mí nílé ìwòsàn ní oṣù tó kọjá, kílò 59. Ìyàwó rẹ̀ kò tó 65. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ 86 nínú gbogbo ẹbí wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ ní gbogbo Àbámẹ́ta.

Kò sọ fún mi. Orí ìwé ni mo ti kà á, bí ẹni ka ìkéde ara ògiri. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ni ìdí, èmi náà ni mo ni ìlẹ̀kẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n so ó mọ́.

Mo fi ráábà pa 86 rẹ́. Mo kọ 59. Mo pa "èyí tó le" rẹ́. Mo kọ "èyí tó rọ̀".

Bàbá Ṣọ́ọ̀kù gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Ṣé ó dá yín lójú? Ọkọ̀ eré òkè, sípíríngì tó rọ̀?" Mo ní ẹni tó máa jókòó níbẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Irọ́ kọ́ ni ti ẹ̀yìn.

Kí ni mo rò? Mo rò pé bí ọkọ̀ bá ti gba ìwọ̀n mi, ọmọ náà á rí i fúnra rẹ̀ pé èmi ló bá a mu. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wọn fèrèsé ọlọ́fèrèsé, n kò yọ ínṣì kan rí.

Ọjọ́rú, 19

Kọ́tìnì ilé ìfowópamọ́, fèrèsé mẹ́fà. Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹtì, 28

Ṣọ́ọ̀kù ti dé. Aláwọ̀ búlúù ni, wọ́n lẹ́wà, èèyàn á fẹ́ gbé wọn sínú pálọ̀. Wọ́n lo gbogbo ọ̀sán láti so wọ́n mọ́ ọn lórí kòtò Tísà. Mo gbé ìrẹsì lọ. Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ wọn.

Nígbà tí Tísà wọlé lọ wẹwọ́, Akọ́bí bá mi sọ ọ́. Sípánà ló ń wò, kò wojú mi. "Mọ́mì, Tísà ló máa bá mi ka ọ̀nà. Apá ibẹ̀ ló ti jókòó fún ọgbọ̀n ọdún, kì í bẹ̀rù, ohùn rẹ̀ kì í gbọ̀n."

Mo ní ó dáa.

"Ẹ̀yìn yín ni mo rò, Mọ́mì. Òkè yẹn máa pa yín lẹ́yìn. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n la ẹnu. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á láti tú u. Mo ní kó jẹ ìrẹsì kó má tutù.

Àbámẹ́ta, 29

Ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ omi ni wọ́n ti dán an wò, níbi tí bọ́ǹpù mẹ́ta wà. Akọ́bí nìkan kọ́kọ́ wà á lọ, ó wà á bọ̀, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tísà wọlé. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi bí apá tirẹ̀ ṣe wálẹ̀, bí ẹni tó gbé àpò sí èjìká kan. Wọ́n lu bọ́ǹpù àkọ́kọ́, ó dún gbì. Akọ́bí sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó yí nọ́ọ̀bù. Mo ń kà á lọ́kàn. Mẹ́rìnlélógún, ó dé òpin.

Wọ́n tún lọ, eré náà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́ ọkọ̀ lu ilẹ̀. Sàlẹ́ńsà já, ó ń fi iná hàn lójú títì. Orí Tísà lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn.

Kí n tó bẹ̀rù, nǹkan kékeré kan pàtẹ́wọ́ nínú mi. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa sọ lọ́la pé kò ṣẹlẹ̀.

Tísà di ọrùn rẹ̀ mú, ó ń sọ pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì ní lórí fóònù pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó yí ọrùn, ká gbé e lọ ya fọ́tò eegun. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó síbẹ̀. Dókítà ní iṣan ni, eegun ò ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ohun ìdìmọ́ lọ́rùn.

Ọmọ mi dì mí mú ní kọ́ridọ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá nìyẹn, kó dì mí mú. N kò lè gbádùn rẹ̀.

Àìkú, 30

Akọ́bí ti lọ bá Bàbá Ṣọ́ọ̀kù jà. Bàbá fa fọ́ọ̀mù yọ, 59, èyí tó rọ̀. Akọ́bí ní òun kọ́ lòun kọ ìyẹn, pé bàbá náà ló yí i kó lè ta èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ fún òun. Ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù fún gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́, ogójì èèyàn, pé kí ẹnikẹ́ni má dé ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Bàbá Ṣọ́ọ̀kù wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tó ń lọ kí aláìsàn.

"Ìyá Oníkọ́tìnì, ẹ̀yin lẹ mú ìwé wá. Mo ti darúgbó o, ojú ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò yí ìwọ̀n oníwọ̀n padà rí. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín."

Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ajé, 31

N kò sùn dáadáa. Àárọ̀ ni Tísà wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú nǹkan funfun lọ́rùn, ó ń yí gbogbo ara kó tó lè wo ẹ̀gbẹ́. Ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì: ìwé ìwọ̀n pálọ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ó fi ìka lé 9 kan lórí.

"Ìyá ọkọ, ẹẹ́sàn-án yín máa ń na ìrù bí ológbò."

Mo gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Mo bá ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn lánàá. Mo rí ológbò náà lórí fọ́ọ̀mù. Mi ò tíì sọ fún un. Mi ò sì ní sọ."

"Kí ló dé?" mo béèrè.

Ó fẹ́ mi orí, ọrùn ò jẹ́. "Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ, tó bá ti pè mí, ìròyìn yín ni. Ìyá ọkọ mi sọ báyìí, ìyá ọkọ mi rán tọ̀hún. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kọ́tìnì yín kì í gún."

"Kọ́tìnì mi?"

"Ó gún. Mo mọ̀ pé ó gún."

Ó dìde. Ó ní èmi ni màá mọ bí màá ṣe ṣe ti Bàbá Ṣọ́ọ̀kù, pé ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òun. Ó rọra yí gbogbo ara, ó jáde.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo rò ó láti àná. Ọ̀rọ̀ mi ò wá dára. Inú mi ló yẹ kó dùn pé obìnrin náà bò mí láṣìírí, owú ni mo tún ń jẹ. Kò tó pé ó gba àga, kò tó pé wọ́n ń pè é ní ohun tí wọ́n ń pè mí, ó tún fẹ́ jẹ́ èèyàn rere lé mi lórí. Bí àṣírí yìí bá kú sí i lọ́wọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá pàdé rẹ̀ ni màá máa kúnlẹ̀ nínú mi láìsí ẹni tó rí i. N kò lè gba ẹ̀bùn yẹn. Kí ọmọ mi kórìíra mi ló sàn.

Mo lọ dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ omi nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́. Ó rí mi, ó sáré wá. "Mọ́mì, ta ló ṣàìsàn?"

Mo sọ ọ́ lórí ìdúró. Ráábà, pẹ́ńsù, 59, gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Mọ́mì, ọrùn rẹ̀ ì bá kán."

"Mo mọ̀."

"Mo ba bàbá olóore lórúkọ jẹ́ níwájú ogójì èèyàn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Mo ní mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà gbà mí.

Ó dúró síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mò ń dá wọn lóhùn. Ó wá yíjú, ó lọ. Kò sọ pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3

Nọ́ọ̀sì pè. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n máa fi àga ti ilẹ̀kùn nítorí àwọn èèyàn burúkú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pè.

Ẹtì, 4

Akọ́bí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán. "Ẹ dìde, ká lọ." N kò béèrè ibi. Òpópónà méjì la gbà. Ó ń rìn níwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ sọdá, ó dúró dè mí.

Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá Ṣọ́ọ̀kù láàárín àwọn irin rẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé epo wà nílẹ̀. Akọ́bí dọ̀bálẹ̀, epo tàbí kò sí epo. Ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́ fún ogójì èèyàn náà kí a tó dé, pé bàbá kò ṣe ohun kan, pé láti ilé òun ni àṣìṣe ti wá. Kò dárúkọ mi. Mo ní kó dárúkọ mi. Ó ní rárá.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kù jókòó, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní Ọjọ́rú ni sípíríngì tó le máa dé. Ó wá wò mí. "Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi yìí ń fẹ́ kọ́tìnì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá wọ̀n ọ́n, èmi á sì dúró tì yín."

Akọ́bí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ìrì díẹ̀. Sípíríngì tuntun ti wọlé. Tísà ti bọ́ nǹkan ọrùn kúrò. Ìyàwó ló sọ fún mi pé wọ́n gba orí bọ́ǹpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan ó dákẹ́. N kò lọ. Wọn kò pè mí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi bó ṣe máa rí.

Àbámẹ́ta, 12

Ìkùukùu wà lórí òkè títí di aago mẹ́sàn-án. Mo dúró níbi kọ́nà kejìlélógójì pẹ̀lú Ìyàwó, ibi tí ọ̀nà ti yípo bí apá ìkòkò, tí kò sì sí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti gbàdúrà títí ètè mi fi gbẹ. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá kọjá. Ìkan lára wọn fi ẹ̀yìn gbá òkúta.

Àwọ̀ ewé ọkọ̀ wa ni mo kọ́kọ́ rí láàárín igi, lẹ́yìn náà ohùn Tísà, ó ń ka ọ̀nà gooro bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé: òsì, ó há, dẹsẹ̀, dẹsẹ̀, ó yá. Ọkọ̀ wọ kọ́nà náà, kò tẹ̀ sápá kan, kò gbọ̀n, ó gba inú rẹ̀ kọjá bí abẹ́rẹ́ tó mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ mi kò wo ẹ̀gbẹ́. Ojú rẹ̀ dà bíi ti bàbá rẹ̀ nígbà tí a ṣì kéré. Mo jowú obìnrin yẹn, mo sì ń dúpẹ́ pé òun ló wà níbẹ̀. Ohùn tèmi ì bá gbọ̀n.

Ipò kẹsàn-án ni wọ́n ṣe. Ó tó wọn, wọ́n ń fò bí ẹni gba ipò kìn-ín-ní.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Tísà ní ọrùn ń fà á díẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kó máa ṣe é. N kò ní bá a du ìyẹn mọ́.

Akọ́bí ṣí ilẹ̀kùn apá kejì fún mi. Mo wọlé. Ìwọ̀n ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló ń wọ̀ mí lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò tíì rìn jìnnà tó fi béèrè láìwò mí:

"Ṣé ó le?"

Mo fẹ́ sọ pé ó dáa. Mo ní, "Ó le."

Ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú eruku ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. A tún lọ. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ṣì le, ṣùgbọ́n ó sàn."

Ó tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà òkè yẹn, àwọn ọkọ̀ ń ya wá sílẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Ní ìgbà kẹta, orúnkún rẹ̀ ti pọ́n fún iyẹ̀pẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo rí i. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Mọ́mì, kò lè rọ̀ bíi tìmùtìmù o. Sípíríngì yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ó ti tó?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."

Ó tún kúnlẹ̀.